Kí ló pa á? Ọ̀rọ̀ lórí ẹran tó ń kú sínú igbó Omo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa, thread yìí máa gùn. Tí data yín ò bá tó, ẹ bookmark rẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá lálẹ́.

Màá kọ́kọ́ sọ èrò mi kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo ń fọ̀rọ̀ pa mọ́. Gbogbo ẹran ńlá tó bá kú fúnra rẹ̀ sínú igbó Omo, ìbáà ṣe erin, ìbáà ṣe ìnàkí, ìbáà sì ṣe ọ̀bọ tàbí ẹtu tí èèyàn bá rí òkú mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn lójú kan náà, ó yẹ kí ẹnì kan gba sámpù lára rẹ̀, kí sámpù náà dé láàbù kíákíá, kí wọ́n sì ka jínóòmù kòkòrò àrùn tí wọ́n bá bá níbẹ̀. Níbí o. Ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ká máa dúró de òyìnbó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Èèyàn ń wá owó gàrí, ìwọ ń wá bakitéríà lára erin." Mo gbọ́. Màá dé ibẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Igbó wà nínú orúkọ ìlú wa, torí náà ẹ má bú mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀ igbó. Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gbé báyìí, bíi ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ OOU tó wà lórí app yìí. Tẹ́ ẹ bá ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù yín, ẹ máa rí ibì kan tó dúdú bí ewé, tó tóbi gan-an, lápá ìlà-oòrùn wa. Igbó Omo nìyẹn. Láti 1925 ni ìjọba ti ya á sọ́tọ̀. Ó lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ní 1977, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àdáyébá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ ó máa sún mọ́ Ògùn Waterside, níbi tí ilẹ̀ ti ń di àbàtà, tí àbàtà sì ń di ọ̀sà. Ẹranko ò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Àrùn pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Erin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe erin inú fíìmù tó ń rìn kiri ní pápá gbalasa. Erin igbó ni. Ó kéré díẹ̀ sí tọ̀hún, ó sì mọ ìfarapamọ́ ju olè lọ. Ní 2021, IUCN, àjọ tó ń ṣírò ẹranko tó kù láyé, gbé erin igbó sí ìpele tó kẹ́yìn kí nǹkan tó kú run nínú igbó. Ìnàkí tiwa ńkọ́? Nàìjíríà àti Cameroon nìkan ló ní irú rẹ̀, òun ló sì kéré jù ní iye nínú oríṣi ìnàkí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 2009, Elizabeth Greengrass tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìnàkí ìhà wa níbí, Omo wà lára igbó tó wò. Àkọlé ìwádìí náà nìkan ti tó èèyàn sunkún: ó ní wọ́n ti ń kú tán.

Nígbà tí nǹkan bá ti kéré tó báyìí, àrùn kan ṣoṣo tó wọlé lè fi oṣù kan parí iṣẹ́ tí ìbọn àti ẹ̀rọ agégẹdú ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sierra Leone, Sàró àwọn bàbá wa.

Lórí òkè lẹ́yìn Freetown, ibùdó kan wà tó ń jẹ́ Tacugama. Bala Amarasekaran ló dá a sílẹ̀ ní 1995 fún àwọn ìnàkí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n àti àwọn tó dè wọ́n mọ́lẹ̀ nílé bí ajá. Láti 2005, ìnàkí bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn kú lọ́jọ́ kan náà o. Ọ̀kan lónìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Èyí tó ń fò láti igi dé igi lánàá, láàárọ̀ yìí kò lè dúró mọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gìrì ń mú un, inú rẹ̀ wú, ó ń bì. Àwọn mìíràn, òkú wọn ni wọ́n kàn bá nílẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le jù, àgàgà oṣù kẹta. Èyí tó bani lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé èyí tí àìsàn náà bá ti mú, kì í yè. Nígbà tó fi máa di 2018, ìnàkí 56 ló ti lọ.

Ẹ fi ara yín sípò àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ìnàkí kì í ṣe adìẹ. Èèyàn á sọ ọ́ lórúkọ, á mọ ìwà rẹ̀, á mọ èyí tó fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èyí tó ń bínú òdì. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń sin wọ́n láìmọ ohun tó ń pa wọ́n. Wọ́n ronú kan ewé olóró, wọ́n ronú kan fáírọ́ọ̀sì, èsì àyẹ̀wò kàn ń padà wá lófo ni.

Àwọn tó rí ìdí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan láti University of Wisconsin-Madison ní Amẹ́ríkà, Leah Owens àti Tony Goldberg wà lára wọn. Wọ́n kó sámpù ara àwọn tó kú àti sámpù àwọn tí ara wọn le, wọ́n wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bakitéríà kan ń yọjú lára àwọn aláìsàn, kò sì sí lára àwọn tó gbádùn. Lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì: ó ká ara rẹ̀ jọ ní mẹ́rin mẹ́rin bí káńkẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n tò sínú páálí. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Sarcina. Ọ̀kan nínú ìdílé yẹn, Sarcina ventriculi, àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n nínú ikùn èèyàn láti 1842.

Ní báyìí, ẹ fetí sílẹ̀, torí ibí ni jínóòmù ti wúlò. Ká ní ojú nìkan ni wọ́n fi wò ó, wọn ì bá ní "ó dáa, Sarcina ventriculi náà ni, ọ̀rẹ́ àtijọ́", kí wọ́n sì pa fáìlì dé. Nígbà tí wọ́n ka jínóòmù rẹ̀ tán, ó hàn pé kì í ṣe òun. Ìbátan ni wọ́n, ilé ọ̀tọ̀ ni kálukú ń gbé. Èyí jẹ́ tuntun pátápátá. Wọ́n sọ ọ́ ní Candidatus Sarcina troglodytae, ìròyìn náà sì jáde nínú Nature Communications ní oṣù kejì 2021.

Ẹnì kan á ní, ṣé orúkọ wá gba ìnàkí kankan là? Ìbéèrè gidi ni. Orúkọ kì í ṣe oògùn. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń bá jà, ibo ló fẹ́ ju òkò sí? Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ohun gbogbo ni wọ́n ń fura sí, látorí ewé dórí omi. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n á máa wá nínú ìgbẹ́ àti nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá àwọn tó ń fún wọn lóúnjẹ wà nínú ewu.

Ẹ dúró, mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kíka jínóòmù jẹ́ fún ẹ̀yin tó sá fún Biology.

Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní ìwé kan nínú ara rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, C, G, T. Ti bakitéríà máa ń jẹ́ mílíọ̀nù mélòó kan lẹ́tà. Ẹ̀rọ ń ka lẹ́tà wọ̀nyí ní wẹ́wẹ́wẹ́, kọ̀ǹpútà á wá so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń to ìwé tí ọmọdé fà ya. Tó bá ti dúró tán, ẹ lè fi wé ti àwọn tí ayé ti kà tẹ́lẹ̀. Ẹ ó mọ ẹni tó bí i, ibi tó ti ṣeé ṣe kó wá, oògùn tí kò ní ràn án, àti ohun ìjà tó gbé sápò. Ẹ̀rọ náà kì í fìgbà gbogbo tóbi bí fíríìjì. Èyí tó ń jẹ́ MinION kò ju ohun tó máa wọ ọ̀pẹ́ ọwọ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí Guinea ní 2015 nígbà Ebola, wọ́n sì lò ó ní Irrua, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, fún ibà Lassa ní 2018. Ẹdó o! Ọ̀nà márosẹ̀ kan náà tó gba iwájú J4 kọjá ló lọ síbẹ̀.

Ó yá, igbó Taï, ní Côte d'Ivoire.

Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti pàdé. Tó o bá ti jẹ jollof ọjọ́ kejì ìnáwó rí, èyí tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì láti alẹ́, tí inú wá yí ọ bíi pé wọ́n fi okùn lọ́ ọ, òun lo máa kọ́kọ́ fura sí. Oníwàhálà ni, àmọ́ kì í sábà pààyàn. Ó ní ìbátan kan tó ń jẹ́ Bacillus anthracis. Èyí ló ń fa anthrax. Èyí kì í ṣeré.

Ní 2001 àti 2002, àwọn ìnàkí kan ṣubú lulẹ̀ nínú igbó Taï, wọ́n kú láàárín wákàtí mélòó kan. Fabian Leendertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2004 pé anthrax ni. Ó ya gbogbo ayé lẹ́nu, torí pé pápá tí màlúù ti ń jẹko ni wọ́n mọ anthrax mọ́, wọn ò retí rẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Àmọ́ nǹkan kan ò bára mu. Anthrax inú ìwé kì í lè rìn fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní Taï ń rìn. Ẹni tó bá fi àyẹ̀wò inú ìwé nìkan wò ó á ní kì í ṣe òun, á dá a sílẹ̀ bí ìgbà tí adájọ́ bá dá ọ̀daràn sílẹ̀ torí pé ó pààrọ̀ aṣọ.

Ní 2010 ni wọ́n tẹ jínóòmù rẹ̀ jáde. Ara rẹ̀ jẹ́ ti Bacillus cereus, oní-jollof yẹn. Àmọ́ ó gbé àpò méjì tí wọ́n ń pè ní plasmid, àpò anthrax gan-an, tí oró wà nínú rẹ̀. Bí ẹni gbé ẹ́ńjìnnì tírélà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Tó o bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wàá ní Márúwá ni. Jẹ́ kó kọ lù ọ́ ná.

Ní 2017 wọ́n tún padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: egungun, ẹran ara òkú ẹranko, àti eṣinṣin. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, eṣinṣin. Eṣinṣin tó bà lé òkú ẹran ti gbé ẹ̀rí sára, wọ́n kàn mú un, wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹran mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó kú tí wọ́n yẹ̀ wò, bakitéríà yìí ló pa á. Ìnàkí, oríṣiríṣi ọ̀bọ, ẹtu, òòrẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè pa ìnàkí Taï run láàárín 150 ọdún. Lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé tó yí igbó náà ká wò, wọ́n sì rí àmì pé ó ti kan àwọn èèyàn pàápàá.

Wọ́n ti rí irú bakitéríà yìí ní Cameroon náà, lára ìnàkí àti gọ̀rílà. Côte d'Ivoire wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, Cameroon wà lọ́wọ́ òsì. Àárín ni àwa wà. Àwọn àgbà ní ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Ẹ rántí June 2023? Ìjọba àpapọ̀ jáde wá pé anthrax wà ní Ghana, ká sinmi pọ̀nmọ́ jíjẹ, ká sinmi ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́. Kí lẹ fi ṣe? Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo timeline di "wọ́n fẹ́ gba pọ̀nmọ́ lẹ́nu tálákà". Mo rẹ́rìn-ín, kò sí irọ́ níbẹ̀, àwọn meme yẹn dùn. Nígbà tó di July, wọ́n rí i ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, nínú oko tí wọ́n ti ń sin oríṣiríṣi ẹran. Àyẹ̀wò sọ pé òun ni. Ẹ tún rántí 2014, ọdún Ebola, tí àwọn èèyàn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù? Bí ìjọba ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ àrùn ẹran nìyẹn: ẹ má jẹ eléyìí, ó parí. Kò sí ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe mọ̀, ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí ohun tí a lè ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ń pàṣẹ fún láìṣàlàyé, àwàdà ló máa fi ṣe. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn erin, tiyín rèé. Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá 2020, erin 35 kú ní ìhà ìwọ̀-oòrùn àríwá Zimbabwe. Mọ́kànlá nínú wọn kú láàárín wákàtí 24 péré. Eyín wọn wà lẹ́nu wọn, torí náà kì í ṣe ọdẹ eléyín erin. Gbogbo èèyàn ń ronú májèlé, torí pé àwọn ọ̀daràn ti fi cyanide pa erin rí lórílẹ̀-èdè yẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì jáde: bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bisgaard taxon 45, tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n bá a lára erin mẹ́fà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n rí sámpù gbà lára wọn. Orúkọ gidi pàápàá kò tíì ní, nọ́ńbà lásán ló ń jẹ́. Ojú egbò ẹni tí ẹkùn ilẹ̀ Asia bù jẹ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ta ló fẹ́ wá a lára erin? Ilẹ̀ gbẹ lásìkò yẹn, oúnjẹ àti omi ò tó, àwọn erin ń rìn jìnnà.

Ẹ wo bó ṣe rí. Àwọn òkú náà ti ń jẹrà kí wọ́n tó dé ìdí wọn, sámpù ò pọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn ò mọ̀: tí o bá fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ erin tàbí ti ìnàkí sọdá ààlà orílẹ̀-èdè, o gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ CITES, torí pé òfin tó dá òwò eyín erin dúró ni òfin tó di ìgò ẹ̀jẹ̀ náà mú. Òfin náà dára, mi ò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Àmọ́ ẹ rí i pé ẹni tí kò ní láàbù nílé, ìwé ló máa máa kọ nígbà tí erin ń kú.

Ṣé àwa ò ní láàbù ni? A ní in! Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejì 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní COVID ní Nàìjíríà, àlejò tó wá ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, ní Ewékorò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ACEGID, ilé ìwádìí tó wà ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, tí Christian Happi ń darí, ti ka jínóòmù fáírọ́ọ̀sì náà tán. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Wọn ò gbé e lọ sí London. Ẹdẹ ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá jí gba ọ̀nà láti Àgọ́-Ìwòyè láàárọ̀ á débẹ̀ kó tó di ọ̀sán, tí go-slow Ìbàdàn bá jẹ́ kó kọjá. Ilé ìwádìí àrùn ẹran wà ní Vom láti 1924. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko wà ní Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta. OOU ní Microbiology, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó.

Ẹ̀rọ ti wà, kò sí òkùnfà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ọ̀nà tó máa gbé sámpù láti abẹ́ igi dé Ẹdẹ. Ta ló máa rí òkú ẹran náà? Ta ló máa pè? Ta ló máa sanwó ọkọ̀?

Ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ, ọdẹ ni. Tàbí onígẹdú, tàbí àgbẹ̀ kòkó, tàbí ìyá tó lọ wá ewé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń gbìyànjú, àmọ́ igbó ti tóbi jù fún wọn. Tí ọdẹ bá sì bá ẹtu tó ti kú nílẹ̀, tó ṣì tutù, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ìkòkò ni. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ ẹran tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó pa á lójú ọ̀nà yẹn. Ìyà oúnjẹ ò mọ jínóòmù.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká kàn fi ọlọ́pàá kó ọdẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ròyìn òkú ìnàkí ló máa kọ́kọ́ sun àgọ́ ọlọ́pàá, ta ló máa ròyìn? Ká sanwó fún un. Gbogbo ẹni tó bá pe nọ́ńbà kan, tó sì mú ẹ̀ṣọ́ dé ìdí òkú ẹran tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, kó gba iye tó ju owó tí ì bá fi ẹran náà pa lọ́jà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ fi ṣe jìbìtì, wọ́n á pa ẹran kí wọ́n wá ní ó kú fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹran tó ní ọta lára àti èyí tí tàkúté gé lẹ́sẹ̀ kì í ṣòro mọ̀. A lè yanjú ìyẹn.

Àwọn ọdẹ tún ní ohun tí láàbù ò ní. Wọ́n mọ ìgbà. Ẹ lọ bi àgbà ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó oṣù tí ẹtu máa ń kú láìnídìí, á sọ fún yín bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ rí, á sọ bí imú rẹ̀ ṣe rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Durojaye Soewu àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí akíka: wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi akíka ṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Ìmọ̀ wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Wọ́n ń dúró de ẹni tó máa béèrè ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ gàrí tí mo ní màá dé.

Mi ò ní bá yín jiyàn pé erin ṣe pàtàkì ju ọmọ yín lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kòkòrò tó pa ìnàkí kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ènìyàn. Ẹ ti rí ti Taï, ó ti kan ará abúlé. Àwọn ìnàkí inú igbó Taï kan náà àti ti Cantanhez ní Guinea-Bissau tún ní ẹ̀tẹ̀, àrùn tí gbogbo wa rò pé ti èèyàn ni. Ìròyìn yẹn jáde ní 2021. Kò sí láàbù tó lè gbin bakitéríà ẹ̀tẹ̀ sínú abọ́, láti 1873 tí Hansen ti rí i. Nínú ìgbẹ́ ìnàkí ni wọ́n ti ka jínóòmù rẹ̀ ní Guinea-Bissau, wọ́n sì rí i pé irú tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Taï, tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ibì kan náà ni méjèèjì ti kó o. Ẹ wò ó, ìgbẹ́ lásán! Ẹni tó bá ń rìn nínú Omo lè mú un láìfọwọ́ kan ẹran kankan.

Ẹni tí àrùn inú igbó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́lá tó ń gbé Lekki. Onígẹdú ni, ìyá tó ń yan ẹran ní J4 ni, ọmọ tó ń bá a fi ọwọ́ fọ ìfun ni. Àwọn tí ẹ ní wọ́n ń wá owó gàrí yẹn gan-an ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́, tí wọ́n bá ń ka thread ọmọdé. Kíka jínóòmù ò gbọdọ̀ di àwíjàre. Tí ẹ bá ń fún àwọn onígẹdú àti olóko kòkó ní àyè láti jẹ igbó náà tán, tí àwọn erin fi ń sá wọ oko ní ìhà Imọ̀bi àti Ògùn Waterside, tí ebi ń pa wọ́n, tí wọ́n ń há mọ́ ara wọn, tí àrùn wá kó wọn, ẹ má jáde wá sọ fún wa pé "bakitéríà ló pa wọ́n". Bakitéríà ló pa wọ́n, òótọ́. Ta ló há wọn mọ́?

Ní báyìí ná, títí tí ẹnì kan máa fi dáhùn: tẹ́ ẹ bá rí ẹran tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má là á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Àbígí, Ìwópin, mo ń bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ anthrax, lílà yẹn gan-an ló ń tú èso rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ́ kí fóònù yín fi ibi tẹ́ ẹ wà pa mọ́, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tàbí dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má gbé e sórí status kí wọ́n tó dé, torí àwọn tó ń wá eyín erin náà wà lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin Microbiology OOU, ta ló ti lo MinION rí nínú yín? Ta ló mọ ẹnì kan ní Ẹdẹ? Mi ò fẹ́ like o. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka yín sísàlẹ̀, kí n mọ iye tí a jẹ́.